Pẹ́ńsù Ni Mo Fi Yege Nínú Data Structures

Ojú ẹni tó bá ṣe data structures láìní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ á rí màbo. Ti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ni mo máa ń yá ní 200 level, ìyẹn bí iná bá wà tí òun náà kò bá lò ó. Síbẹ̀ A ni mo gbà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ. Ní fásitì tí mo lọ, bírò la fi ń kọ kóòdù Java sínú ìwé ìdánwò, kò sì sí ohun tó máa fa ìlà pupa sábẹ́ èyí tí kò tọ̀nà.

Linked list ló kọ́kọ́ là mí lóye. Nínú array, gbogbo nǹkan tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ bá ti mọ nọ́ńbà àyè tí ọ̀kan wà, ẹ ó mú un lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi tuntun síwájú pátápátá, gbogbo àwọn tó kù ló gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn. Ti linked list yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá ilé kan ní àdúgbò àtijọ́ n'Ìbàdàn, tí kò sí nọ́ńbà lára ilé: ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bi kò mọ ilé náà, ṣùgbọ́n ó mọ ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta, ìyá alákàrà á ní kí ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀. Node kan, ìyẹn ẹyọ kan nínú linked list, mọ èyí tó tẹ̀ lé e, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wá fẹ́ fi tuntun há àárín, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó kàn han tuntun náà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yí ìtọ́ka èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ padà sí i. Bí ẹ bá fi ìkejì ṣe ìkíní, gbogbo ìyókù ti sọnù nìyẹn. Kò sí èyí tó mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ìlà méjì péré ni kóòdù rẹ̀, orí èwo ló ṣáájú ni gbogbo máàkì sì wà.

Ẹ̀gbọ́n kan ní 400 level ló sọ ọ́ fún mi pé, "Àbúrò, má kàn máa ka kóòdù lásán. Yà á." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe, pẹ́ńsù ni mo sì fi ṣe é. Node kọ̀ọ̀kan, mo ya àpótí. Ìtọ́ka kọ̀ọ̀kan, mo ya ọfà. Bí mo bá ti ka ìlà kan tán, mo pa ọfà àtijọ́ rẹ́, mo ya tuntun. Ọfà tí kò bá níbi tó ń lọ, null nìyẹn, ibẹ̀ sì ni NullPointerException ti máa ń yọjú. Tony Hoare, ará Gẹ̀ẹ́sì tó mú null wọ èdè ALGOL W lọ́dún 1965, fẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé àṣìṣe tó tó bílíọ̀nù dọ́là ni. (Òun náà ló ṣe quicksort, tí wọ́n tún fi ń dán wa wò. Baba yẹn kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀ rárá.)

Ti object-oriented programming, àkọ́sórí ló ń pa ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó lè ka ìtumọ̀ polymorphism láìsinmi lè má lè kọ class kan ṣoṣo. Ohun tó jẹ́ kó yé mi ni pé mo mọ ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀: àwọn ará Nọ́wè méjì, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé gan-an, ìyẹn ló bí Simula 67. Mo wá kọ class fún àkáǹtì báńkì. Mo fi private sí iye owó tó wà níbẹ̀, kí ó má ṣeé fọwọ́ kàn àfi nípasẹ̀ ìfowópamọ́ àti ìgbowó, kí ìgbowó sì kọ̀ bí owó kò bá tó. Mo ya ìyẹn náà. Àwòrán yẹn ló fi hàn mí pé orúkọ méjì lè tọ́ka sí àkáǹtì kan ṣoṣo, àti pé nínú Java, == ń béèrè bóyá object kan náà ni, nígbà tí equals tí a bá kọ dáadáa ń béèrè bóyá ohun tó wà nínú wọn bára mu. Ìbéèrè yìí kì í pẹ́ jáde nínú ìdánwò.

Àwọn yòókù kò gbà mí lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Binary search yé mi lọ́jọ́ tí mo pín 1,000,000 sí méjì léraléra lórí ìwé, tí mo rí i pé bí ìgbà 20 ló gbà kí ó tó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì yìí, ẹ wá ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ẹ fọwọ́ kọ ìdáhùn rẹ̀ tán, kí ẹ tó lọ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà.