Páàsì Lọ́wọ́, Àga Kò Sí: Bí A Ti Ń Fi Ọkọ̀ Ojú Irin Rin Ilẹ̀ Yúróòpù

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ abiyamọ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí lóṣooṣù, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọkọ ní òkè òkun, tí ẹ sì ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin náà yóò kó ọmọ dání lọ kí wọn. Nítorí yín ni mo ṣe jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìrìn àjò tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti ọkọ̀ ojú irin láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Yúróòpù, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní páàsì. N kò ní fi àṣìṣe tèmi pamọ́ fún yín, nítorí òun ni ó kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé àti bí a ti ń ṣètò owó. Ọdún méjì gbáko ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fi dá àjọ kí owó ìrìn àjò náà tó pé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ìlú Köln ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti fojú kan ara wa gbẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ tíì rí ọmọ mi kejì rí. Mo fa ìlà sórí ìwé, mo kọ ìlú mẹ́jọ sí i fún ọjọ́ méjìlá: Paris, Brussels, Amsterdam, Köln, Munich, Zürich, Venice àti Milan. Mo ra páàsì ọlọ́jọ́ méje fún èmi àti ọkọ mi. Inú mi dùn sí ara mi, mo sì rò pé ètò ti parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò ní Paris, a gbé ẹrù wa lọ sí ibùdókọ̀ Gare du Nord. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà di ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú, èyí ọlọ́dún mẹ́ta sì wà lẹ́yìn mi. Mo fi páàsì han ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tí ń lọ sí Köln. Ó wò ó, ó ní, "Màdámù, páàsì yín dára, ṣùgbọ́n àyè ìjókòó yín dà?" Mo ní owó tí mo fi ra páàsì náà ni. Ó mi orí. Ó ṣàlàyé fún mi pé owó ọkọ̀ ni páàsì, kì í ṣe àga. Ẹni tí kò bá ti gba àyè sílẹ̀ kò lè wọ irú ọkọ̀ tí ń sáré bẹ́ẹ̀, àyè tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn onípáàsì ti tán títí di ọkọ̀ alẹ́.

A jókòó lórí ẹrù wa láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi kò bá mi wí. Ó ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ, ó sì ń bá wọn ka iye ọkọ̀ tí ń wọlé. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ dùn mí ju èébú lọ, nítorí èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ètò owó ni mo jókòó sí ìta gbangba pẹ̀lú páàsì tí kò lè gbé mi. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí a tó dé Köln. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní ibùdókọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ìrẹsì àti dòdò tí ó gbé dání ti tutù. Ọmọ tí ó ń retí láti rí ti sùn lọ fọnfọn. Ó tú u kúrò lẹ́yìn mi, ó gbé e mọ́ àyà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó gba ìwé ètò mi, ó kà á, ó sì bi mí pé, "Àbúrò mi, ṣé ìlú ni o wá kà ni, àbí èèyàn ni o wá rí?" N kò rí èsì fọ̀. A mú bírò, a pa Brussels, Amsterdam àti Munich rẹ́. Venice tí a fẹ́ sùn sí di ibi tí a ó lọ ní òwúrọ̀ láti Milan, kí a sì padà ní alẹ́. Báyìí ni ọjọ́ ọkọ̀ wa ṣe di mẹ́rin péré. Owó ọjọ́ mẹ́ta tí ó kù nínú páàsì wa sì ṣòfò. Kí tiyín má baà ṣòfò, ẹ gbọ́ bí ó ti yẹ kí n ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ páàsì tí ó tọ́ sí yín. Oríṣi méjì ni ó wà. Eurail, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, wà fún àwa tí a kì í gbé ní Yúróòpù. Interrail, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, wà fún àwọn tí ń gbé níbẹ̀. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí a bí i sí. Nítorí náà Interrail ni ẹ̀gbọ́n mi ń rà, Eurail sì ni tèmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá kan ni wá. Páàsì Eurail tí ó gbòòrò jù lọ ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 33. Ẹ lè ra èyí tí ó ní ọjọ́ 4, 5 tàbí 7 nínú oṣù kan, tàbí ọjọ́ 10 tàbí 15 nínú oṣù méjì. Ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti òru dé òru, ẹ sì lè wọ ọkọ̀ púpọ̀ láàárín rẹ̀. Ìdí nìyí tí àlọ àti àbọ̀ wa sí Venice fi jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Orí fóònù ni páàsì náà ń gbé báyìí, nítorí náà ẹ rí i pé iná wà nínú fóònù yín, kí ẹ sì kọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣírò bí ẹ ti ń ṣírò owó ọjà. Ẹ jẹ́ kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí páàsì ọlọ́jọ́ mẹ́rin bá jẹ́ Yúrò 280, ẹ pín in sí mẹ́rin: Yúrò 70 ni owó ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì lásán kò bá tó iye yẹn, ẹ má fi ọwọ́ kan páàsì yín. Láti Köln dé Bonn kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì tó Yúrò 20. Ẹni tí ó bá jẹ ọjọ́ páàsì kan nítorí ìyẹn ti pa màlúù nítorí ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ẹ rántí pẹ̀lú pé tíkẹ́ẹ̀tì lásán tí a bá tètè rà ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú a máa dínwó púpọ̀. Bí ìlú méjì péré ni ẹ fẹ́ lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò páàsì rárá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àga tí ó dójú tì mí. Ní ilẹ̀ Faransé àti ní Ítálì, ọkọ̀ tí ń sáré púpọ̀ ń béèrè pé kí a gba àyè sílẹ̀, kí a sì san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Bákan náà ni ọkọ̀ tí ń ti Síwítísáláńdì wọ Ítálì. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ Jámánì àti nínú Síwítísáláńdì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ni a lè wọ̀ láìgba àyè sílẹ̀. Ẹ kọ ọkọ̀ tí ó ń fẹ́ owó àyè sí ìlà kan nínú ìwé yín, kí ẹ kọ èyí tí kò fẹ́ sí ìlà kejì, kí ẹ sì ti san ti ìlà àkọ́kọ́ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ má ra páàsì kí físà tó jáde. Ilé ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù lọ ni ẹ ó ti béèrè físà Schengen. Bí ọjọ́ yín bá dọ́gba níbi gbogbo, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó rẹ̀ ti di Yúrò 90 fún àgbàlagbà, 45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́fà. Wọn yóò tún béèrè ìwé adójútòfò tí ó lè gbé ìnáwó ìwòsàn tó Yúrò 30,000. Ẹ ṣọ́ra fún ìlú London: páàsì Eurail ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n físà Schengen kò lè mú yín wọ ibẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, àgbàlagbà kan tí ó ní páàsì lè mú ọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́rin sí mọ́kànlá dání, páàsì wọn yóò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á fún wọn nígbà tí ẹ bá ń ra tiyín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò nílò páàsì, ṣùgbọ́n orí itan yín ni àga rẹ̀. Ẹrù yín kò gbọdọ̀ ju èyí tí ẹ lè dá gbé gun àtẹ̀gùn lọ, nítorí ọkọ̀ kì í dúró pẹ́. Ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí wàrà láti ilé. Wọn kì í jẹ́ kí ohun ẹran àti ohun wàrà láti ilẹ̀ wa wọ ibodè wọn. Ẹ ra búrẹ́dì, èso àti omi ní ìlú tí ẹ bá wà, kí ẹ sì dì í lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí yóò bínú pé ẹ jẹun nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn tí a ti dín ìlú kù, ni ìrìn àjò wa tó di ìgbádùn. Ọjọ́ márùn-ún ni a lò ní Köln. Bí ènìyàn bá ti jáde ní ibùdókọ̀ rẹ̀, ilé ìjọsìn ńlá ni yóò kọ́kọ́ rí, tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì ga tó mítà 157. Ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún 1880 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí kò kánjú." Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti dárí jì mí.

Nígbà tí a ń lọ sí Zürich, a fi ọkọ̀ tí ń sáré jù lọ sílẹ̀, a wọ èyí tí ń tọ etí odò Rhine. Kò béèrè owó àyè, ó sì fi ọgbà àjàrà lára òkè àti àwọn ilé olódi àtijọ́ hàn wá. Láti Zürich sí Milan, a gba abẹ́ òkè Gotthard kọjá, nínú ihò ọkọ̀ ojú irin tí ó gùn jù lọ ní ayé. Kìlómítà 57 ni gígùn rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2016. Ọmọ mi àgbà di ojú rẹ̀, ó ní òun yóò ka oókan títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi dé. Oorun gbé e lọ kí ó tó ka igba.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rántí jù lọ kò sí lórí ilẹ̀ Ítálì. Àárọ̀ ọjọ́ tí a kúrò ní Köln ni. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé wa dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọmọ tí ó bá a sùn lóru àkọ́kọ́ láìmọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, ó kọ̀, kò fẹ́ wọ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ètò ìlú mẹ́jọ ni a tẹ̀ lé, alẹ́ méjì péré ni ì bá lò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ka ọjọ́ yín kí ẹ tó ka ìlú, kí ẹ sì ka àwọn ènìyàn yín kí ẹ tó ka ọjọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà á jẹ́ ọ̀nà ire fún wa o, a ó lọ, a ó sì bọ̀ láyọ̀.