Nígbà Tí 91 Di 75

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí ní táàmù tó kọjá.

Olùkọ́ wa ní kí n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn á máa fi wo máàkì ìdánwò Yorùbá. WPF ni mo lò, irinṣẹ́ tí Microsoft gbé jáde ní 2006 fún ètò orí Windows. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní data binding: okùn tó so àpótí ojú kọ̀ǹpútà mọ́ máàkì tó wà nínú ètò. Ohun tí o bá tẹ̀ sínú àpótí lè yí máàkì gan-an padà.

Gíréèdì ni olùkọ́ fẹ́ rí, kì í ṣe nọ́ńbà. Mo wá fi value converter sáàárín. Ògbufọ̀ ni. Bí ìyá mi bá wá wò mí ní Tudun Wada, tó fẹ́ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ Hausa nìkan, èmi ni mò ń bá wọn túmọ̀, lálọ lábọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni converter: Convert ń sọ 91 di A1, ConvertBack ń dá a padà sí nọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n A1 bẹ̀rẹ̀ láti 75 dé 100. Èwo ni kí n dá padà? Mo kàn kọ 75. Mo ní kò sí wàhálà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní prep, mo ṣèèṣì pa A1 ọ̀rẹ́ mi rẹ́. Mo tún un tẹ̀, mo bọ́ sí àpótí mìíràn. A1 ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ 91 ti di 75 lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n to ipò, ẹni tó yẹ kó ṣe ipò kìíní bọ́ sí ìkarùn-ún. Kò bá mi jà. Ó kàn gbé àwo rẹ̀ kúrò lórí tábìlì tí a jọ ń jẹun.

Mi ò lè sùn. Nígbà tí mo rí àṣìṣe náà, mo lọ bá olùkọ́ wa: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo bà á jẹ́." Wọ́n mú ìwé ìdánwò jáde, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo sọ okùn gíréèdì di OneWay: ó ń lọ, kì í bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún máàkì ṣe, kó tẹ nọ́ńbà gan-an.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó kọ ConvertBack, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ọ̀nà àbọ̀ wà.

Ọ̀rẹ́ mi ti gbé àwo rẹ̀ padà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.