Òǹtẹ̀ Tí Mẹkáníìkì Wa Kò Ní

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n bá ti ra ọkọ̀ tuntun. Ṣé kí á máa gbé ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún sáfíìsì, níbi tí owó ti pọ̀, kí wáráńtì má baà bàjẹ́? Àbí kí á gbé e fún mẹkáníìkì àdúgbò tí ó mọ̀ wá, tí àwa náà sì mọ̀? Nínú ẹbí tiwa, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kó owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ yín jọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrìn náà tó nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà ní àlọ nìkan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà ìgbafẹ́. Ọdún gbọọrọ ni iṣẹ́ ọ̀nà oníbejì láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fi wà nílẹ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ kékeré ń du ojú ọ̀nà àtijọ́ tí kòtò ti gbà. Tòkunbọ̀ méjì ti dẹnu kọlẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí wọ́n fi owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́fà kún un, tí wọ́n sì ra ọkọ̀ kékeré tuntun ní Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́, gbèsè rẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn dúró.

Wáráńtì ọkọ̀ náà jẹ́ ti ọdún mẹ́ta tàbí kìlómítà 100,000, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Májẹ̀mú rẹ̀ ni pé kí ilé-iṣẹ́ náà máa ṣe sáfíìsì rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 5,000, kí wọ́n sì máa lu òǹtẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí ó bá ọkọ̀ wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí. Mẹkáníìkì wa ní Ọ̀yọ́ ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Àwọn ni wọ́n tọ́jú Peugeot 504 bàbá wa títí bàbá fi dágbére fáyé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ohun tí àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ ṣe tí bàbá yìí kò lè ṣe ní ìdajì owó. Nígbà tí bàbá náà sì gbọ́ pé Ìbàdàn ni ọkọ̀ yóò máa lọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n sọ: “Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ọwọ́ tí ó tọ́jú ọkọ̀ bàbá yín ló wá dọ̀tí lónìí?” Ọ̀rọ̀ náà dun ẹ̀gbọ́n mi dé egungun.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé èmi ni mo kẹ́kọ̀ọ́ èdè nílé, èmi ni wọ́n ní kí n gbé ìwé wáráńtì náà lọ kà fún bàbá ní Yorùbá. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, mo sì tú u láti orí dé ìdí. Ìwé náà ní bí àbùkù bá ti ilé-iṣẹ́ wá, yálà nínú ẹ́ńjìnnì, nínú jíà tàbí nínú wáyà iná, ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kan táyà, kò kan páàdì bíréèkì, kò kan ohun tí kòtò bá bàjẹ́. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ní: “Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ìwé yìí ń bá wí. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá, èmi kò sì ní òǹtẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Tí a bá ń san owó gọbọi fún sáfíìsì, kì í ṣe ọ́ìlì ni a ń rà. Ọ́ìlì kan náà wà lọ́jà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pààrọ̀ sì wà ládùúgbò. Ẹlẹ́rìí ni a ń rà, ẹlẹ́rìí tí ilé-iṣẹ́ kò ní lè jiyàn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Ohun tí ó yẹ kí á bi ara wa ni bóyá ẹlẹ́rìí náà tó iye tí wọ́n ń bù lé e.

Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Pẹ̀lú ìrìn iṣẹ́ àti ìrìn òde, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń rin nǹkan bí kìlómítà 25,000 lọ́dún. Sáfíìsì márùn-ún nìyẹn lọ́dún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ọdún mẹ́ta. Ní ìdíwọ̀n, ₦130,000 ni wọ́n ń gbà ní Ìbàdàn. Bàbá lè ṣe é pẹ̀lú ojúlówó ọ́ìlì àti fílítà ní ₦75,000. Bí a bá fi ₦10,000 epo àti oúnjẹ ọ̀nà kún un, ìyàtọ̀ jẹ́ ₦65,000 lẹ́ẹ̀kan. Ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di ₦975,000. Owó kékeré kọ́ fún olùkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè iye jíà tuntun fún irú ọkọ̀ náà, iye tí wọ́n pè ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fi òfin gba àwọn ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ nínú ìdè yìí. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 kò gbà, lápapọ̀, kí ilé-iṣẹ́ tìtorí wáráńtì so oníbàárà mọ́ ibi àtúnṣe kan ṣoṣo, àyàfi bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìlànà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2021 fi àyè gba ọlọ́kọ̀ láti lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ó wù ú. Nílé níbí, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí ìwé tí olùtajà ń fún wa wà ní èdè tí yóò tètè yé wa, kí ọjà sì lò pẹ́ tó bí ó ti yẹ. Ẹ lo ẹ̀tọ́ yẹn: kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè bóyá wọn yóò gba sáfíìsì tí a ṣe níbòmíràn bí rìsíìtì bá wà, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀. A béèrè tiwa. Wọ́n ní rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá pín iṣẹ́ náà sí méjì. Sáfíìsì tí ìwé béèrè fún ń lọ sí Ìbàdàn. Táyà, bíréèkì àti ohun gbogbo tí ìwé kò kàn jẹ́ ti bàbá. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì fi kú sínú kòtò. Ilé-iṣẹ́ ní kò kan àwọn, bàbá sì ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ rin nǹkan bí kìlómítà 41,000, bàbá náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé jíà ń fà sẹ́yìn. Wọ́n ní: “Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, títí kan èmi alára. Ẹ gbé e lọ bá àwọn olóǹtẹ̀.” Ní Ìbàdàn, wọ́n ka òǹtẹ̀ mẹ́jọ nínú ìwé, wọ́n yẹ jíà wò, wọ́n sì pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi fi wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Mi ò sọ pé bí yóò ti rí fún gbogbo ènìyàn nìyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ni kò ní àbùkù kankan títí wáráńtì wọn yóò fi parí. Ẹni tí kò rìn ju kìlómítà 10,000 lọ́dún yóò san ìyàtọ̀ tí kò tó ìdajì ti ẹ̀gbọ́n mi. Èmi yóò ní kí ó san án láìjanpata. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ jìnnà sí gan-an ní láti ṣírò epo àti ọjọ́ iṣẹ́ tí ó ń pàdánù kí ó tó dá sí i. Ní ti ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ tí kò ní wáráńtì, kò sí ohun tí òǹtẹ̀ fẹ́ dáàbò bò fún un. Kí ó fi owó náà gba mẹkáníìkì tí yóò yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó rà á.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tí ó ń ṣọ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ méjì: ìwé ní Ìbàdàn, àti bàbá kan ní Ọ̀yọ́ tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Wáráńtì náà yóò parí lọ́dún tí ń bọ̀, gbogbo iṣẹ́ yóò sì padà sọ́dọ̀ bàbá. Wọ́n ti ra ìwé àjákọ kan sílẹ̀ báyìí, wọ́n ń kọ ọjọ́, kìlómítà àti iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sára ọkọ̀ náà sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.