Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Màmá Mi

Mo mọ̀ pé ewì lẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ewì ìfẹ́ kan fún olóòtú wa kí ọ̀rọ̀ táyà tó gba gbogbo àkókò mi, torí náà ọ̀rọ̀ táyà lẹ máa kà. Ẹni tí kò ní mọ́tò kó má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o. Ṣebí gbogbo wa la máa ń wọ mọ́tò lọ sílé lẹ́yìn ìdánwò? Ta ló ti bẹ̀rẹ̀ wo táyà rẹ̀ rí kó tó san owó?

Alágbàká là ń gbé, ní Àkúrẹ́. Ẹni tó bá mọ Alágbàká á mọ̀ pé àdúgbò ìjọba ni. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì gómìnà wà, ibẹ̀ náà ni sẹkitéríàtì wà, ọ̀dà sì wà lójú títì. Ṣùgbọ́n ilé tiwa kì í ṣe ilé ọ̀gá, yàrá méjì ni lẹ́yìn ilé àwọn ọ̀gá. Màmá mi máa ń ra kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko, wọ́n á kó o wá sígboro láti tà. Toyota Hilux kan tó ti dàgbà díẹ̀ ni wọ́n fi ń kó o. Ọkọ̀ yẹn ló ra yunifọ́ọ̀mù mi ní sẹ́kọ́ńdírì, òun náà ló ń san owó yunifásítì mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni bàbá ìsàlẹ̀ mi, Hilux ni màá dárúkọ.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ́ lójú ọ̀nà Ìdànrè. Àpò kòkó kún ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn ìyá mẹ́ta sì jókòó sórí àpò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ kò dojú dé, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ìyá kan já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi lè gbé igbá. Gbogbo ènìyàn ní ayé ni, wọ́n ní ọ̀nà yẹn fẹ́ gbàdúrà sí. Èmi ò bá wọn jiyàn lórí àdúrà. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí bọ̀ọ̀dá tó ń wa ọkọ̀ náà gbé táyà tó bẹ́ wálé, eyín rẹ̀ ṣì jìn. Eyín ni bọ̀ọ̀dá ń pe àwọn ilà jíjìn ara táyà tó ń di ilẹ̀ mú. Táyà tí eyín rẹ̀ kò tíì jẹ, kí ló wá pa á?

Mo fi omi fọ ẹ̀gbẹ́ táyà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe Yorùbá, ẹ rántí ẹ̀kọ́ wa lórí àrokò. Ẹnìkan á di owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, á fi ránṣẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló máa mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni àbí ogun. Àrokò gidi ni ẹ̀gbẹ́ táyà. Láti Ṣáínà tàbí Thailand ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí wa, àwa a sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìkà á. Ẹ wá nọ́ńbà kan tó tẹ̀ lé DOT. Mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. 1409 ló wà lára táyà tiwa, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Bí táyà bá pẹ́ tó báyìí, rọ́bà inú rẹ̀ á ti gbẹ bí awọ ìlù tí wọ́n gbàgbé sóòrùn. Eyín lè wà lẹ́nu arúgbó, ṣùgbọ́n ẹ má gbé àpò kòkó lé e lórí. Ọdún mẹ́rin ni àwọn Road Safety máa ń sọ pé kí táyà lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ táyà mìíràn ní òkè òkun ní ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ṣùgbọ́n kó má kọjá ọdún mẹ́wàá. Ti Ìdànrè yẹn ti kọjá gbogbo rẹ̀. Tókúnbọ̀ ni.

Kì í ṣe tálákà nìkan ni táyà ń bẹ́ fún. Oṣù kẹta ọdún 2016 ni James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà náà, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Àwọn Road Safety sọ pé táyà ọkọ̀ wọn ló bẹ́.

Ó wá di pé a fẹ́ ra táyà. Màmá mi, bọ̀ọ̀dá àti èmi rìn láti Alágbàká dé Oyèmẹ́kùn, a ń wo ọjà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé tókúnbọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà àlòkù ti ọkọ̀ bíi tiwa wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọlé. Wọ́n á fi nǹkan dúdú pa á lára títí á fi máa dán bíi bàtà ìyàwó. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sínú èyí tó ti jẹ. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ya òkè onígun mẹ́ta àti yìnyín sí lára. Táyà òtútù ni ìyẹn, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kó lè di ilẹ̀ mú níbi tí yìnyín wà. Bí ẹ bá gbé e wá sínú oòrùn Àkúrẹ́, kíákíá ló máa jẹ tán. Owó rẹ̀ ò wọ́n, bọ̀ọ̀dá sì ti ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

Ibi tí ìjà gidi wà ni irú eyín tí a máa rà. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú wa. Èyí tí wọ́n kọ H/T sí lára jẹ́ ti ojú ọ̀dà. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bó bá dé inú ẹrẹ̀ pupa tiwa, amọ̀ á dí gbogbo ilà rẹ̀, á sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. M/T ni ti ẹrẹ̀, eyín rẹ̀ tóbi, àlàfo wà láàárín wọn kí amọ̀ lè máa já bọ́. A/T ló wà láàárín méjèèjì.

Bọ̀ọ̀dá gbé ọwọ́ lé M/T. "Màmá, ẹ wo bó ṣe gbójú! Ẹrẹ̀ kankan ò lè mú wa mọ́ mà."

Màmá mi ní, "Ṣé ojú ni mo wá rà?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ. M/T máa ń pariwo lórí ọ̀dà, ó máa ń tètè jẹ níbẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀ sórí ọ̀dà, kì í tètè dúró bí ẹ bá tẹ bíréèkì, torí pé ibi tó fi kan ilẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀, nínú ìrìn tí ọkọ̀ wa ń rìn, ọ̀dà ló pọ̀ jù: láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, nígbà mìíràn dé ìlú Oǹdó. Ọ̀nà oko ló ṣẹ́kù, kò sì jìn. Kí la fẹ́ fi eyín ẹkùn ṣe lójú ọ̀nà Oǹdó? Mo sì ti rí àwọn Hilux ńláńlá kan ládùúgbò wa tí M/T kún ẹsẹ̀ wọn, tí ẹrẹ̀ kan kò kàn án rí àyàfi èyí tó wà níwájú ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. A/T la mú.

Ẹ má tíì sinmi. Nọ́ńbà kan tún wà tó ṣe pàtàkì ju eyín lọ. Lára táyà tó tóbi bíi tiwa, ẹ lè rí 265/65R17 112S. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 17 ni rímù. 112 yẹn kì í ṣe kílò 112. Òwe ni wọ́n ń pa: ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà kan lè ru kílò 1,120. 104 jẹ́ kílò 900. 120 jẹ́ kílò 1,400. Èyí tó bẹ́ ní Ìdànrè, 104 ni. Méjì lẹ́yìn, kílò 1,800 péré.

Mo mú bírò. Àpò kòkó kan máa ń tó kílò 62 àti ààbọ̀, àpò 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Tọ́ọ̀nù kan yẹn náà ni Hilux lè gbé, bó bá tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àpò 22 la máa ń kó. Ìyẹn jẹ́ kílò 1,375, ẹ fi ìyá mẹ́ta lé e, ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lé e. Ní ìṣirò tèmi, ó lé ní kílò 2,300 lórí táyà méjì tó lè ru 1,800, tí wọ́n sì ti darúgbó. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ti ń gbé e bọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta táyà rí i pé a ń ṣírò, ó fò gbé èyí tí wọ́n kọ LT sí lára jáde, A/T ni, 120, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn. Ó ní, "Màmá, tẹ́n pláì rèé o! Ẹ lè kó àpò ọgbọ̀n, kò ní mì." Irọ́ kọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ nípa táyà, ṣùgbọ́n ṣé táyà nìkan ló ń gbé ẹrù ni? Sípíríǹgì ń kọ́? Bíréèkì ń kọ́? Ohun tí Toyota kọ sára òpó ilẹ̀kùn nípa ẹrù kì í yí padà nítorí pé a wọ bàtà tuntun fún ọkọ̀. Mo sọ fún màmá mi pé kí wọ́n ra LT yẹn nítorí òkúta àti kùkùté ọ̀nà oko tó máa ń ya ẹ̀gbẹ́ táyà, ṣùgbọ́n kí àpò má kọjá 16, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí ẹrù mọ́.

Wọ́n dákẹ́. Àpò mẹ́fà lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan, owó gidi ni lójú ẹni tó ń ra kòkó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó kàn mí: "Owó iléèwé ẹ wà nínú owó tó wà lọ́wọ́ mi yìí o. Bí mo bá ra mẹ́rin, o ò ní rí nǹkan san. Bí mo bá ra tókúnbọ̀ mẹ́rin, o ó san gbogbo ẹ̀."

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ra tuntun méjì, ká fi sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni ẹrù wà, ẹ̀yìn náà ló sì léwu jù bó bá yọ̀, ọkọ̀ á kàn fi ìdí gbá yípo. Méjì tó sàn jù nínú ti tẹ́lẹ̀ á lọ síwájú ní tiwọn. Ìdajì owó iléèwé ni màá kọ́kọ́ san. Bọ̀ọ̀dá náà mọ̀ pé kò gbọdọ̀ ti jíà ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ọ̀dà, pàápàá nígbà tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn kò dọ́gba.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà tó bá wa wọ̀ ọ́ ni mo ti ń ronú nípa orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Vulcan ni òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Àbí ẹ ò rí i? Ògún tiwọn ni! Lọ́dún 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà, tí a sì yan án níná, kò ní yọ́ mọ́ nínú ooru, kò sì ní le gbagidi nínú òtútù. Iná yẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ Vulcan pe iṣẹ́ náà. Ní ìlú Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún Ògún tìlù tìfọn, ó yẹ kí fọkanáísà máa jókòó níwájú. Igi rọ́bà pàápàá wà ní ìpínlẹ̀ wa, ní Aráròmí Obù. Ṣùgbọ́n Michelin ti ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop tó wà ní Ìkẹjà náà sì dáwọ́ dúró láìpẹ́ sígbà náà. Ìdí nìyẹn tí bàtà ọkọ̀ wa fi ń ti òkè òkun bọ̀, tí owó rẹ̀ sì ń bá dọ́là gòkè.

Fọkanáísà yẹn fẹ́ fi ọwọ́ gbá táyà kó lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó. Màmá mi ní rárá, wọ́n ra géèjì tiwọn. LT kì í ru ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ kò bá tó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa gbóná, ibẹ̀ sì ni bíbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni à ń wọ̀n ọ́n.

A ti ń kó àpò 16 báyìí fún oṣù méjì. Bọ̀ọ̀dá ń kùn, ó ní a ń náwó epo lásán, kò sì parọ́. Ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kán ti padà sí oko, iwájú ló ń jókòó sí, géèjì wà lórí itan rẹ̀. Ìdajì owó iléèwé mi ṣì kù nílẹ̀, táyà iwájú méjì kù nílẹ̀. Oṣù kẹwàá là ń wò, nígbà tí kòkó bá dé.