Alùpùpù Àtijọ́ fún Ọ̀nà Jíjìn

(Ẹ̀gbọ́n fi alùpùpù pín lẹ́tà ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wálé. Àbúrò ń ta pákó ní Ọ̀rẹ̀, kò sì gbé ibòmíràn rí.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí méjì. Èyí tó wà ní Ọ̀rẹ̀ níbí, Honda Gold Wing ni, GL1200, ó ń dán gbinrin. Ìkejì wà ní Òdìgbó, BMW R80RT, eruku ti bò ó. Ti Honda yẹn ló wù mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibo lo fẹ́ máa gùn ún lọ?

ÀBÚRÒ: Ìkárẹ́, Lọ́kọ́jà, kí n tilẹ̀ dé Jọs lọ́jọ́ kan. Bajaj tí mo ní dára fún oko, àmọ́ tí ọkọ̀ agbégẹdú bá ya èèyàn sílẹ̀ lójú títì Èkó sí Bìní, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èèyàn sínú igbó.

Ẹ̀GBỌ́N: Gold Wing kò burú. Ọdún 1974 ni Honda kọ́kọ́ fi í han ayé, nígbà tí GL1200 sì jáde ní 1984, ó ti di ayanfẹ́ àwọn tó ń rìn jìnnà. Sílíńdà mẹ́rin, omi ló ń tù ú, ṣáfùtì ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kò lo ṣéènì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ńjìnnì lọ́hùn-ún ni wọ́n kó wáyà tó ń pèsè iná sí. Bí ó bá jóná, àfi kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ńjìnnì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o. Ta ni yóò bá ọ sọ ọ́ kalẹ̀?

ÀBÚRÒ: Mẹkáníìkì mi létí gáréèjì mọṣẹ́ o.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó mọṣẹ́ Bajaj, ó mọ ti CG125. Nínú méjèèjì tí o rí, BMW ló sún mọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Sílíńdà rẹ̀ méjì yọ síta lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn ló ń tù wọ́n. Tó bá fẹ́ tún fáàfù tò, ìdérí ẹ̀gbẹ́ nìkan ni yóò ṣí, kò ní kan táńkì rárá. Láti 1923 ni BMW ti ń ṣe irú ẹ̀ńjìnnì yẹn. Ọdún wo ni wọ́n ṣe ti Òdìgbó?

ÀBÚRÒ: Ẹni tó ni ín ní 1983.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibi tó yẹ ká dúró sí nìyẹn. Nígbà yẹn, òjé ṣì wà nínú bẹntiróòlù. Èyí tí à ń rà báyìí kò ní in mọ́. Lára àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1981 sí 1984, fáàfù tí èéfín ń gbà jáde máa ń jẹ ibi tó jókòó lé, á máa rì wọlé díẹ̀díẹ̀. Bi í bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ibùjókòó fáàfù. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tó pè é, torí wàá ṣe é dandan.

ÀBÚRÒ: Kí ni kí n tún wò?

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ láàárọ̀ kùtù, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílíńdà kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Tó bá ti gbóná, ó ti tan án sílẹ̀ dè ọ́ nìyẹn. Padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Bí èéfín aró bá rú díẹ̀ lápá òsì nígbà tó kọ́kọ́ tàn, má torí ẹ̀ sá. Nígbà tó fẹ̀gbẹ́ ti ọ̀pá ìdúró, ọ́ìlì ṣàn síbẹ̀. Tí èéfín náà kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó gbóná, ìyẹn lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà, fi sí jíà, kó o yí táyà ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn. Tó bá mi púpọ̀ kó tó di nǹkan mú, eyín ṣáfùtì ti jẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kò tíì sọ ni òjò. BMW yẹn lé ní igba kílò. Tó bá di oṣù kẹfà, ọ̀pá tí ẹ ń sọ yẹn á rì sínú ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà oko mi ni, alùpùpù á dojú bolẹ̀, èmi nìkan ni máa wà níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ ni, mi ò ronú dé ibẹ̀. Má ta Bajaj rẹ o. Òun ni ti oko, kí èyí jẹ́ ti títì. Ààbò ńlá tó wà níwájú R80RT yẹn, títì ni wọ́n ṣe é fún, òjò àti atẹ́gùn kò ní máa nà ọ́ láyà.

ÀBÚRÒ: Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó.

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù, fi wé ti inú ìwé, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, tàbí tí ojú irin ibẹ̀ rí bí èyí tí wọ́n ha, kúrò níbẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ṣé o wo táyà?

ÀBÚRÒ: Ojú wọn ṣì dára, ihò wọn jìn.

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí ni wọ́n kọ?

ÀBÚRÒ: Mo yàwòrán rẹ̀. 2311.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011. Rọ́bà yẹn ti gbẹ, kò lè di títì mú nínú òjò. Táyà tuntun méjì ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà lọ́la.