“Ó” Kò Yan Akọ, Kò Yan Abo

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ara wa díẹ̀. Bí òyìnbó bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ń bọ̀, ó sábà máa ń di dandan kó ti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni onítọ̀hún tàbí obìnrin: “he” lọ́tọ̀, “she” lọ́tọ̀. Àwa ńkọ́? “Ó ń bọ̀” ti tó. Apẹja ni o, ìyá ẹlẹ́ja ni o, ọmọ ọwọ́ ni o, “ó” kan ṣoṣo ló gba gbogbo wọn. Bó bá sì jẹ́ àgbà, “wọ́n ń bọ̀” la ó sọ. Ọjọ́ orí là ń wò, a kì í bèèrè akọ tàbí abo.

Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ọ̀rọ̀ yìí ti dìjà. Nínú èdè tiwọn, tábìlì, abo ni. Ìwé, akọ ni. Nígbà tí àwọn kan ní kí ìwé ìjọba máa dárúkọ tọkùnrin tobìnrin pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, Édouard Philippe, tó jẹ́ olórí àwọn mínísítà wọn nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017 pé kí wọ́n má ṣe kọ irú rẹ̀ sínú ìwé òfin tí ìjọba ń tẹ̀ jáde.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, “he” ló pe ẹni tó bá fẹ́ di Ààrẹ, ní abala 131. Lọ́yà á ní kò séwu, pé òfin mìíràn wà tó sọ pé ọ̀rọ̀ akọ kan obìnrin náà. Ó dáa. Ẹ wá wo abala 26. Àwa Ìlàjẹ kì í jókòó sójú kan; ẹja ń gbé wa dé Kútọnu, ó ń gbé wa dé Kamẹrúùnù. Bí ọmọkùnrin Ùgbò bá fẹ́yàwó ní Kútọnu, ìyàwó náà lè forúkọ sílẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin Ùgbò ló rí ọkọ níbẹ̀, ọ̀nà yẹn kò ṣí fún ọkọ rẹ̀. Abala 27 ni yóò gbà, èyí tó ń béèrè ọdún 15 nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin dìbò l'Ábújá lórí àtúnṣe rẹ̀, kò wọlé. Àwọn obìnrin tú síta, wọ́n ṣe ìwọ́de.

Ẹ̀bi òyìnbó wá ni gbogbo rẹ̀ àbí? Ẹ gbọ́ ti ilé wa.

Ìyá mi kékeré, àbúrò ìyá mi, ń yan ẹja ní ìletò kan létí òkun, kò jìnnà sí Òde Ùgbò. Opó ni. Ọdún tí omi òkun gbé ilé wọn lọ, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá kọ orúkọ àwọn tí wọn yóò ràn lọ́wọ́.

“Ìyá, ta ni baálé ilé yìí?”

“Ó ti kú.”

“Ta ló wá kù?”

Ni wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọjọ́ tí wọ́n pín nǹkan, ọmọ wà nílé ìwé ní Igbókòdá. Wọ́n ní orúkọ tó wà lọ́wọ́ àwọn kì í ṣe ti ìyá. Ìyá mi kékeré gbé agbọ̀n rẹ̀ padà lófìfo, obìnrin tó jẹ́ pé èéfín ẹja tó ń yan ló fi rán ọmọ náà nílé ìwé.

Nígbà tó yá, mo rí fọ́ọ̀mù náà. “Head of household” ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn olórí ilé. Òyìnbó kò yan akọ, kò yan abo níbẹ̀. Ẹnu àwa Yorùbá tí a ní “ó” ló sọ ọ́ di baálé!

Àwọn kan á ní baálé ni àṣà wa, kí a má bà á jẹ́. N kò ní ká bà á jẹ́. Ẹni tó jẹ́ baálé, ẹ máa pè é ní baálé. Ṣùgbọ́n ìwé ìrànwọ́ kì í ṣe ìjókòó ẹbí. Ohun tí ìjọba fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé, kí wọ́n sì béèrè rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, bí ìkéde orí rédíò bá jẹ́ ti ẹja, kí wọ́n má dúró lórí “ẹ̀yin apẹja”. Ẹni tó ń yan ẹja ńkọ́? Ẹni tó ń gbé e lọ sọ́jà ńkọ́? Kò gba ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Yorùbá tí a ń sọ ní èbúté ti tó.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí akọ̀wé ìjọba náà wo ilé dáadáa, kó tó kọ orúkọ ẹni tó gbé e ró.