Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ fọ́nẹ́ àti ìfẹ́

Màkún, Ṣágámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì tún un kà. Ìwé ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ ọkọ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú tẹ̀ lórí WhatsApp. O ní ọkùnrin méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ni ọmọ Ìpẹ́rù tí gbogbo wa mọ̀, tó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ láti ìgbà tí o ti wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Èkejì ti London dé ní Oṣù Kejìlá, ẹ pàdé níbi ìgbéyàwó kan ní Lẹ́kkí, o sì ní bó ṣe lanu sọ̀rọ̀ báyìí, ọkàn rẹ ti lọ. O ní ọmọ Ìpẹ́rù pe ẹyin ní "hẹ́ẹ̀gì" níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nígbà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ìwọ náà sì tẹjú mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, o kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Mi ò ní bá ọ wí nítorí pé ohùn wù ọ́. Ohùn wà lára ohun tó ń fa èèyàn mọ́ èèyàn láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa ni ohun tí etí rẹ gbọ́ nígbà tí ọkùnrin yẹn ń sọ̀rọ̀. O gbọ́ pásípọ́ọ̀tù. O gbọ́ ilé tí iná kì í lọ, o gbọ́ ilé ìwé olówó ńlá, o gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n ń wò ọ́ tìlara-tìlara. Gbogbo èyí lo ti gbọ́ kó tó sọ orúkọ ara rẹ̀ tán.

O mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ, títí kan Oral English tí WAEC ń ṣe, nítorí náà mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ìwádìí kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àgbà. Ní 1960, Wallace Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwọn ọkùnrin kan sílẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jọ wà. Àwọn ọkùnrin náà gbọ́ èdè méjèèjì já fáfá. Ẹnì kan á ka ọ̀rọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, á tún kà á ní Faransé. Wọ́n wá gbé ohùn wọ̀nyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti gbọ́, kí wọ́n sọ irú ẹni tí olóhùn kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní ó gbọ́n ju èkejì lọ, ó ṣeé fọkàn tán jù ú lọ, ó ga jù ú lọ, ó tún lẹ́wà jù ú lọ. Àbẹ̀kẹ́, wọn kò rí i sójú o! Ohùn lásán ni wọ́n fi wọn gíga ẹni. Ibi tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó ń sọ Faransé gan-an, tí wọ́n ń gbọ́ èdè ìyá wọn, àwọn náà gbé olóhùn Gẹ̀ẹ́sì sókè ju olóhùn tiwọn lọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà yẹn, ọwọ́ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ ńláńlá àti owó Montreal wà. Etí ti kọ́ láti mọ ibi tí owó wà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, Howard Giles àti àwọn mìíràn ti ń wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970. Àwọn èèyàn tó gbọ́ ohùn àwọn ọlọ́lá, irú èyí tí BBC fi ń ka ìròyìn láyé àtijọ́, gbà pé olóhùn náà á mọ̀wé, á sì mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ẹni tó lọ́yàyà, tí inú rẹ̀ mọ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ará ìgbèríko ni wọ́n sábà máa ń mú. Fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọkọ lò ń wá, kì í ṣe ẹni tó máa ka ìròyìn.

O ní ọkùnrin yìí dàgbà ní Peckham. Mo mọ Peckham. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní Èkó kékeré. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn àwọn ará Jàmáíkà wà nínú rẹ̀, ohùn àwa náà wà nínú rẹ̀, ti àwọn mẹ̀kúnnù London àtijọ́ náà sì wà ńbẹ̀. Ohùn tó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n ní London, kì í ṣe ohùn ọlọ́lá rárá. Bí ọmọ Peckham bá ń lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ ńlá, ó máa ń wá ọ̀nà láti pa á mọ́, kí wọ́n má bàa fojú ọmọ ìta wò ó. Bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń ti ibẹ̀ dé Ìkẹjà. Ẹni tí wọ́n ń fojú kéré lọ́hùn-ún nítorí ohùn rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ohùn kan náà sì sọ ọ́ di ọmọ ọba ní Lẹ́kkí. Ọmọ náà kò yí padà. Àwa tó ń gbọ́ ọ la yàtọ̀. Mi ò sọ èyí láti bu ọkùnrin náà kù, torí kò yan ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pe irú wọn ní IJGB, "I Just Got Back", ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, àwọn ọlọ́jà wa sì máa ń sọ ọjà di ìlọ́po mẹ́ta fún wọn ní kété tí wọ́n bá ti gbọ́ wọn. Ìyà díẹ̀ kọ́ ni ohùn náà ń fi jẹ wọ́n nílé.

Irú nǹkan yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí yín. Láti 1869, nígbà tí wọ́n dá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin CMS sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ọkùnrin ọ̀mọ̀wé, àwọn Sàró àti àwọn tó fẹ́ fara wé wọn, ń wá ìyàwó tó lè sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, tó lè tẹ dùùrù, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò òyìnbó. Òfin ìgbéyàwó 1884 ní ọkùnrin tó bá gbé ìyàwó lọ́nà ti ìjọba kò gbọdọ̀ fẹ́ òmíràn kún un. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà ní obìnrin mìíràn tí wọ́n fẹ́ nílànà ìbílẹ̀, tí wọ́n sì bímọ fún wọn níta. Àwọn ìyàwó tó sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Ní Cape Coast lọ́hùn-ún, Kobina Sekyi, tí òun gan-an kàwé ní London, kọ eré The Blinkards lórí àwọn tó fẹ́ fi àṣà òyìnbó fẹ́ ara wọn. Wọ́n ṣe é ní 1916. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ṣùgbọ́n Ìkẹ́nnẹ́ ni mo fẹ́ mú ọ lọ. Bó bá jẹ́ ohùn òyìnbó tí kò lábùlà lò ń wá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ibẹ̀ ló wà fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Sheila Mary Tuer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ Tai Solarin ní 1951. Nígbà tí Tai dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní Oṣù Kìíní 1956, Sheila bá a dá a sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ilé ìwé náà sì jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń roko, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn mọ ilé. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1994, kò kó ẹrù lọ sílé òyìnbó. Ìkẹ́nnẹ́ ló wà títí tó fi kú ní 2012. Wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, Àbẹ̀kẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun Hitler, obìnrin yìí ló ní ohùn tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Tai ló ní ohùn àlejò, ohùn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ń kàwé ní Manchester. Ẹni tó ní ohùn iyì ló yan ẹni tí kò ní in, tó sì bá a wá síbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Mo gbà pé ó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ, kò dúró sórí bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní ìlú kan náà, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹ́ Hannah Dideolú ní 1937. Ní 1944 ó lọ kọ́ òfin ní London, ìyàwó rẹ̀ sì dúró sílé, ó ń ṣòwò, ó ń tọ́ ọmọ. Ọkọ dé ní 1946, ó ti di agbẹjọ́rò. Ohùn Awólọ́wọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní, gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní ni, ó ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Yorùbá sì dún kedere nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ ibi tó ti wá.

Ní ti "hẹ́ẹ̀gì" yẹn, jẹ́ kí n sọ ọ́ bí olùkọ́. Púpọ̀ nínú wa máa ń fi "h" síbi tí kò sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, a sì máa ń yọ ọ́ níbi tó wà. Ohun tó ti mọ́ ahọ́n lára ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú ọpọlọ. Ó máa ń ṣòro fún ọmọ ilẹ̀ Faransé náà láti pe "h" Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá sọ pé òun ti dé "otẹ́ẹ̀lì", àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn á ní ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, wọ́n á ní kó tún un sọ. Àṣìṣe kan náà ni. Lọ sí Sábo, níhìn-ín ní Ṣágámù, kí o wo àwọn Hausa tó ń ra obì lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Yorùbá wọn kò dún bíi tiwa, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín, torí gbogbo ọjà mọ̀ pé wọ́n mọ obì, wọ́n sì ń sanwó. Ọmọ Ìpẹ́rù yìí ń tún ẹ̀rọ tó tóbi ju ilé yìí lọ ṣe ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí bàbá rẹ wà nílé ìwòsàn, òun ló fún un ní ẹ̀jẹ̀, òun ló sùn sórí bẹ́ǹṣì. Kò sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan lóru ọjọ́ náà.

Ohun tó dùn mí ni ojú tí o tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí àwọn ọ̀rẹ́ rín èèyàn, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Ìwọ tó mọ ọ̀nà tó gbà wá, tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ta gàrí lọ́jà Akẹsán kó tó lè lọ sílé ìwé, ìwọ ni ó ń wò nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ tún sọ fún mi pé o ti ń fi imú sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní fọ́nẹ́. Mo fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ dára. Bí o bá fẹ́, wá lọ́jọ́ Sátidé, màá kọ́ ọ bí ahọ́n ṣe ń ṣe láàárín eyín. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ohùn tí kì í ṣe tìrẹ mú ọkùnrin. Bí o bá fi mú un, òun ni wàá máa fi bá a gbé: nígbà tí o bá ń bínú, nígbà tí ọmọ bá ń gbóná lóru, nígbà tí o bá ń sunkún ìyá rẹ. Kò sí ẹni tó lè gbé irú ẹrù yẹn fún ogójì ọdún.

Mi ò sọ pé kí o lé ọmọ London lọ. Ó lè jẹ́ ẹni rere. Gbọ́ ọ níbi tí kò ti mọ̀ pé ò ń gbọ́: bó ṣe ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bó ṣe ń dáhùn nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é láti Peckham tó sì ń da Yorùbá bò ó. Ṣé ó tiẹ̀ ti bi ọ́ léèrè nípa iṣẹ́ rẹ rí? Nínú gbogbo ohun tí o kọ sí mi nípa rẹ̀, o ròyìn bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní kíkún, o kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ. Mo tún un kà torí ìyẹn, mo ń wá a.

Mi ò tíì sọ ohunkóhun fún bàbá rẹ, mi ò sì ní sọ. Ṣùgbọ́n pe ọmọ Ìpẹ́rù kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ sọ fún un, sọ ọ́ fún un fúnra rẹ, ní Yorùbá. Ó ti ń dúró láti oṣù tó kọjá, ó sì wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Àìkú láti béèrè bóyá ara rẹ le.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ ní Màkún.